Eyín Wíwúwo Tàbí Eyín Fífúyẹ́? Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Orin Nínú Yàrá

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́: eyín kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi tí ìka ń tẹ̀. Ọ̀kan wá láti Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀kan láti ìlú Oǹdó, ẹ̀kẹta láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

*Ìyá Dùùrù, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ń fi FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, ṣe orin nínú yàrá mi. Kíbọ́ọ̀dù MIDI kékeré tó ní eyín 61 ni mo ní, eyín rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ike. Bí mo bá fi gba ohùn píánò sílẹ̀, ṣe ló máa ń dún bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra èyí tí eyín rẹ̀ wúwo, tó ní eyín 88. Àwọn mìíràn ní àṣejù ni. Mo ti rí tòkunbọ̀ kan, mo sì ti ń tọ́jú owó. Ṣé kí n rà á? Ṣé èyí tó ní ohùn nínú ni àbí èyí tí kò ní? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ẹ ṣé, mà. — Ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.*

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, torí ohun tí ojú rẹ ń rí yìí, ojú tèmi náà ti rí i. Ibi tí o ti ní ó ń dún bí ẹ̀rọ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ti inú kíbọ́ọ̀dù rẹ lọ sínú láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ohùn. Ìròyìn ni. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni MIDI ń jẹ́: á ní eyín báyìí ni wọ́n tẹ̀, bó ṣe le tó nìyí, ó yá, wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Eyín C tó wà láàárín píánò ni 60. Bí o bá fi ìka kàn án pẹ́ẹ́, nọ́ńbà líle rẹ̀ lè jẹ́ 15 tàbí 20. Bí o bá gbá a tagbára-tagbára, kò lè kọjá 127. Láti ọdún 1983 ló ti rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, ẹni tó dá Roland sílẹ̀ ní Japan, mú kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ara wọn du ọjà fẹnu kò sórí èdè kan ṣoṣo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM ní California, wọ́n fi wáyà so kíbọ́ọ̀dù Prophet-600 ti ilé iṣẹ́ Smith pọ̀ mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dún. Èdè yẹn náà ni kíbọ́ọ̀dù rẹ ń sọ ní Òkè-Àró lónìí.

Èdè náà bá irú ilé tí à ń gbé mu gan-an. Bí òjò bá ń lu páànù, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, n kò jẹ́ gbé maikirofóònù jáde, torí ariwo ni màá gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè tẹ píánò láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé ìparí rẹ̀, kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo má sì wọ inú rẹ̀. Ìdajì orin tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá, àkókò òjò ni mo ṣe é.

Báwo wá ni kíbọ́ọ̀dù ṣe ń mọ̀ pé ìka le tàbí pé ó rọ̀? Kì í wọn agbára rárá. Àkókò ló ń wọ̀n. Lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, ojú rọ́bà méjì ló wà. Bí eyín bá ń lọ sísàlẹ̀, á kan ọ̀kan kó tó kan èkejì, kíbọ́ọ̀dù á sì ka àkókò tó wà láàárín wọn. Bí àkókò náà bá kúrú, á ní ìka le. Bó bá gùn, á ní ìka rọra wá. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ní ojú mẹ́ta, kí o lè tún eyín kan náà tẹ̀ kó tó dìde tán.

Wo kíbọ́ọ̀dù rẹ báyìí. Sípíríǹgì nìkan ló gbé eyín rẹ̀ ró. Ìka rẹ kò rí nǹkan kan tì, eyín á ti já dé ìsàlẹ̀ kí o tó pinnu bí o ṣe fẹ́ kó dún. Ṣí ọ̀kan nínú orin rẹ, kí o wo ìsàlẹ̀ piano roll, níbi tí ọ̀pá kéékèèké tó ń fi líle ohùn hàn wà. Nígbà tí mo wo tèmi láyé ọjọ́sí, gbogbo ọ̀pá náà ló ga dọ́gba bí òdòdó ọgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé orí rẹ̀. Ohun tí etí rẹ ń pè ní ẹ̀rọ nìyẹn.

Nínú píánò gidi, òòlù kan ló wà lẹ́yìn eyín kọ̀ọ̀kan. Kí eyín tó wà láàárín tó lọ sílẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n gíráàmù 50 ló ní láti wà lórí rẹ̀, ti apá òsì sì wúwo jù ti apá ọ̀tún lọ. Àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù oníyín wíwúwo ti fi òòlù kékeré sábẹ́ eyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí okùn tí òòlù náà máa lù. Ìwúwo yẹn nìkan la fẹ́. Òun ni ìka rẹ máa fi ara tì, òun ló sì máa fún ọ láyè láti yan 40 tàbí 70 tàbí 100. Hammer action ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Bí o bá rí semi-weighted, sípíríǹgì ṣì ni, wọ́n kàn fi ìwọ̀n díẹ̀ kún eyín rẹ̀ ni. Bí olùtajà bá kàn ní "weighted ni", bi í léèrè pé ṣé òòlù wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọ torí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́. Orí hamóníọ́mù ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó. Bí o fi ìkúùkù gbá eyín hamóníọ́mù, bí o fi ẹnu ìka kàn án, ohùn kan náà ló máa fún ọ. Ẹsẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ló ń mú ohùn náà ròkè tàbí kó lọ sílẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn sì ń yìn mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí píánò gidi ní ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́, orin olóhùn mẹ́rin tí mo mọ̀ bí ẹni mowó ni mo tẹ̀. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde gàgàrà bákan náà, tẹ́nọ̀ gun orí sòpúránò. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ní kí n jẹ́ kí ìka tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún gbé orin náà, kí àwọn yòókù rọra tẹ̀ lé e. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìka mi kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé. Mo padà sílé, mo dójú kọ kíbọ́ọ̀dù oníke mi, mo fi odindi oṣù kan gbìyànjú, kò ṣeé ṣe, torí pé eyín fífúyẹ́ kò lè kọ́ ọ. Ìgbà tí mo wá rí eyín wíwúwo ni mo kọ́ ọ, ó sì gbà mí tó oṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ fún ọ kedere pé kì í ṣe àṣejù. Bí píánò bá wà nínú orin rẹ, tó o sì ń fẹ́ kó mí bí èèyàn, ra eyín wíwúwo.

Ṣùgbọ́n má ta eléyìn-ín 61 yẹn o. Ìlù, báàsì, ohùn fèrè, gbogbo èyí tí o máa ń tẹ̀ ní kíákíá, orí rẹ̀ ni kí o ti máa ṣe é. Bó o bá sì ń tẹ ohùn ọ́gáànù ní àkókò ìyìn, o mọ bí a ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ fa gbogbo eyín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dán ìyẹn wò lórí eyín olóòlù, awọ ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé ìlù àti báàsì nìkan ló ń ṣe ra eyín 88 wíwúwo torí pé ó rí i lọ́wọ́ àwọn gbajúmọ̀. Ó ń gbé aṣọ tó ti gbẹ lé e báyìí. Èmi ì bá ní kó fi owó náà ra sípíkà tó dáa.

Ó ku ìbéèrè rẹ nípa ohùn. Ọ̀nà méjì ló wà, àwọn méjèèjì sì dáa. Àkọ́kọ́ ni píánò oníná tó ní ohùn tirẹ̀ nínú, tó sì ní ihò USB lẹ́yìn, irú bíi Yamaha P-45 tàbí Roland FP-10. Bí o bá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, yóò fi MIDI ránṣẹ́ bíi ti èyíkéyìí mìíràn. Láìsí láptọ́ọ̀pù, o ṣì lè jókòó tì í kó o tẹ̀ ẹ́. Kò sí kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń tẹ ohùn kọdọrọ lára wọn, àmọ́ ìyẹn wà lára eléyìn-ín 61 rẹ. Ọ̀nà kejì ni èyí tí kò ní ohùn rárá: M-Audio Hammer 88, Studiologic SL88, Arturia KeyLab 88, Roland A-88MKII. Láptọ́ọ̀pù rẹ ló máa pèsè ohùn fún wọn.

Fún ìwọ, èyí tí kò ní ohùn ni mo mú, iná ló sì jẹ́ kí n mú un. Píánò oníná ń fẹ́ ádápítọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì; ti P-45, folti 12 ni. Àwọn tí mo dárúkọ lẹ́yìn yẹn lè jẹ iná láti inú wáyà USB tó so wọ́n mọ́ láptọ́ọ̀pù. Bí iná bá lọ ní àárín orin, bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ á máa gbé àwọn méjèèjì lọ, o ò sì ní pàdánù ohun tó ń bọ̀ lọ́kàn rẹ. Mo ti parí orin kan ní agogo méjì òru nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ojú láptọ́ọ̀pù nìkan ni iná tó wà nínú yàrá. Ṣáà so ó tààrà mọ́ láptọ́ọ̀pù. Má gba inú àpótí USB tó ń pín ihò kan sí mẹ́rin, iná ibẹ̀ lè má tó o.

Ní ti orúkọ ilé iṣẹ́, má jẹ́ kó dá ọ láàmú. Ilé iṣẹ́ Fatar kan wà ní Recanati ní Ítálì tó ń ṣe eyín fún àwọn ẹlòmíràn. Studiologic jẹ́ tiwọn fúnra wọn, àmọ́ eyín wọn náà ló wà nínú KeyLab 88 àti nínú Kontrol S88 ti Native Instruments. Bákan náà, eyín PHA-4 tó wà nínú A-88MKII, ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú ti FP-10 tí owó rẹ̀ kéré. Bí owó bá dínkù lọ́wọ́ rẹ, yọ ọ́ lára páàdì, iná aláràbarà àti bọ́tìnnì. Má yọ ọ́ lára eyín. Ìka rẹ kì í kan àwọn bọ́tìnnì yẹn ní ìgbà 20 lọ́jọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló máa ń kan eyín.

Ó wá ku tòkunbọ̀ tí o rí. Gbé láptọ́ọ̀pù rẹ lọ síbẹ̀, mú wáyà USB rẹ, pẹ́dà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè pẹ́, àti héédífóònù dání. Má ra kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn tanná rẹ̀ fún ọ láti wò. Bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun òsì, tẹ eyín kọ̀ọ̀kan ní jẹ́jẹ́, 52 funfun àti 36 dúdú, kí o máa wo nọ́ńbà líle rẹ̀. Padà, kí o tẹ gbogbo rẹ̀ ní líle. Eyín tó bá ń fò lọ sí 127 nígbà tí o rọra kàn án, ojú rọ́bà kan nínú rẹ̀ ti dọ̀tí tàbí ó ti jẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tú u kó nù ún, kí o sì gé owó rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti tó mẹ́wàá, fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa nìkan tó láti mú kí àwọn tó kù dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà, kó ìka rẹ sí inú lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí eyín ti wọ inú ara kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo eyín ló máa ń le díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, ṣe ló máa dà bí ẹni ń ti ògiri. Ibẹ̀ sì ni ìka wa máa ń wà tí orin bá ní eyín dúdú púpọ̀. Tẹ ọ̀kan ní àtẹ̀túntẹ̀ kíákíá, kí o wò ó bóyá ó ń fo díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sí ohùn, kí o gbọ́ ariwo òòlù rẹ̀. Bí ó bá ń dún kò-kò-kò bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ kò ní dákẹ́.

Pẹ́dà náà ńkọ́? Kì í ṣe pé o lè máà ní in. Láìsí pẹ́dà, ìdajì píánò lo rà. Tì í bọ ihò rẹ̀ kí o tó tan kíbọ́ọ̀dù, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ń wo irú pẹ́dà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jí. Bí ohùn bá ń dúró pẹ́ nígbà tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò, tó sì ń kú nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, kò bàjẹ́. Òdì ni wọ́n so ó. Pẹ́dà ti Yamaha àti ti àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í bá ara wọn mu. Ra èyí tó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i padà.

Bó bá jẹ́ píánò oníná lo padà rà, yí ẹ̀yìn ádápítọ̀ rẹ̀ sókè, kí o ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bó bá jẹ́ 100-240V, ọkàn rẹ balẹ̀. Bó bá jẹ́ 100V nìkan, Japan ló ti wá. Bó bá jẹ́ 120V, Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa jẹ́ 230V. Tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà, mo rà á ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n ti dán an wò fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, wọn kò sì sọ fún mi. Iná kò sí nígbà tí mo délé. Nígbà tó dé ní agogo mẹ́wàá alẹ́, mo sáré ti ádápítọ̀ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ òórùn kí n tó gbọ́ ohùn. Pátákó inú rẹ̀ jóná, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Eyín nìkan ló kù. Oṣù méjì ni mo fi tẹ eyín náà láìsí ohùn kankan, mò ń fi ẹnu kọ orin tí ìka mi ń tẹ̀, torí pé n kò lówó mìíràn. Ó dùn mí dọ́kàn. Jọ̀wọ́, ka ẹ̀yìn ádápítọ̀.

Wọn tábìlì rẹ pẹ̀lú. Eyín 88 ń fẹ́ àyè tó tó ìwọ̀n mítà 1.3, má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Pe kẹ̀kẹ́ márúwá, kí ẹnì kan jókòó tì í. Bí o bá ti gbé e délé, wá aṣọ tó nípọn bò ó ní gbogbo ìgbà tí o kò bá tẹ̀ ẹ́. Àǹkárá ọ̀pá méjì ni mo fi bo tèmi.

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, Ìyá Dùùrù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní ìlú Oǹdó. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń kọ́ píánò, ó sì ń fẹ́ máa gba orin rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. Ẹnì kan ní eyín wíwúwo yóò ṣe ọmọdé ní ìka léṣe, pé kí n ra èyí tó ní eyín 49, tó fúyẹ́. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá Olùkọ́, Oǹdó.*

Ẹ kú àmójútó ọmọ, sà. Kì í ṣe òótọ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ yẹn lọ sídìí píánò gidi lọ́la, eyín tó wúwo ni yóò bá níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ ọ kárí ayé. Ohun tó ń ṣe ìka ọmọ léṣe ni àga tó kúrú, tó máa jẹ́ kó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń mú nǹkan lórí pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eyín. Ẹ fi tìmùtìmù lé àga bí kò bá ga tó, kí ẹ sì gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí kò bá kan ilẹ̀.

Ti ọmọ yín yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè-Àró. Píánò oníná tó ní ohùn nínú ni kí ẹ rà, tó ní eyín 88 àti USB. Ọmọ ọdún 9 kò gbọ́dọ̀ máa dúró de kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ kó tó lè tẹ orin. Kí ó rìn wọlé, kó tẹ bọ́tìnnì kan, kó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀, wáyà kan péré ló kù. Eléyìn-ín 49 yẹn kò ní gbà á kọjá ọdún kan, sà, nítorí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ yóò wá eyín títí, kò sì ní rí i. P-45 tí mo dárúkọ lókè, kílò 11.5 ni, FP-10 jẹ́ 12.3. Ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lè gbé e láti yàrá kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ ádápítọ̀ tí mo sọ lókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà.

*Ẹ káàsán, mà. Mo ra kíbọ́ọ̀dù oníyín wíwúwo lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn máa ń pẹ́ kó tó dún. Ẹni tó tà á ní eyín wíwúwo ló ń fà á, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Mo fẹ́ dá a padà. — Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, South Gate.*

Má tíì dá a padà, ọmọ mi. Eyín wíwúwo kọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ ló ń kó ohùn jọ sínú garawa kó tó dà á síta, garawa náà sì tóbi jù. Buffer ni orúkọ rẹ̀. Bó bá wà ní ẹyọ ohùn 1024 nígbà tí ohùn ń lọ ní ẹyọ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, 23 nínú rẹ̀ ti lọ kí o tó gbọ́ nǹkan kan, ká má sọ èyí tí Windows fúnra rẹ̀ máa fi kún un. Ìka rẹ mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ 128, kò tó 3. Nínú FL Studio, lọ sí Options, kí o ṣí Audio settings, kí o yan FL Studio ASIO, kí o wá fa buffer wálẹ̀ sí 256. Tẹ orin. Bí ohùn kò bá já, fà á wálẹ̀ sí 128. Bó bá ń já tàbí tó ń ta pàrà, láptọ́ọ̀pù kò lágbára tó o, gbé e padà sí 256, kí o pa àwọn ohun mìíràn tó ṣí.

Ìbéèrè kan wà tí o kò dáhùn nínú lẹ́tà rẹ: kí lo fi ń gbọ́ ọ? Bó bá jẹ́ héédífóònù tàbí sípíkà Bluetooth, gbogbo ohun tí mo sọ lókè kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́, torí pé Bluetooth fúnra rẹ̀ ń dá ohùn dúró ju garawa lọ. Yọ ọ́. Ra héédífóònù oníwáyà, kí o tì í bọ ara láptọ́ọ̀pù, kí o tún orin náà tẹ̀.